Irú Tí Àkànó Kò Gbọ́

Bí o bá dúró ní ìta gbangba ní Ìgbó-Ọrà tí o pariwo "Ìyá Ìbejì!", tí obìnrin bíi mẹ́wàá sì dá ọ lóhùn, má ṣe bínú sí wọn. Ìbejì pọ̀ ní ìlú wa ju kí a máa fi orúkọ yẹn dá ènìyàn mọ̀. Nítorí náà, Hàlímọ̀ ni n óò máa pe ìyàwó Àkànó níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìyá Ìbejì ni mò ń pè é lójú rẹ̀, tí òun náà ń pè mí ní Màmá Salome. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa. Aránṣọ ni mí, ìdí maṣíìnì mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo sì ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Àkànó, ọkọ Hàlímọ̀, alápatà ni. Ọ̀gá ni nídìí ẹran, èmi tí n kì í yìn ín lásán ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fura jù. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Àkànó mu oògùn yẹn yó, ó tún fi ìyókù wẹ̀. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wò ọ́ lójú kó tó dáhùn, àfi bí ẹni pé o ti jí àárọ̀ gidi gbé pamọ́ síbì kan. Bí mo bá rán bùbá fún un, yóò ní kí n kó àjákù aṣọ rẹ̀ wá, yóò sì tò wọ́n sílẹ̀ láti wò ó bóyá mo gé nínú rẹ̀ fún ara mi. Èmi, ọmọ ìjọ! Mo máa ń kó o fún un tìbínú-tìbínú.

Ohun kan ṣoṣo tí kì í fura sí láyé ni imú ara rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹran àná ṣì ṣeé tà, yóò gbé e sún mọ́ imú, yóò fà á símú lẹ́ẹ̀kan péré, yóò sì ní, "Eléyìí ṣì dára," tàbí, "Ẹ gbé e fún ajá." Kì í ṣìnà. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí imú yẹn.

Ọdún tó tẹ̀lé òpin ogun abẹ́lé ló ṣubú. Ó ti lọ ra màlúù ní gáà Fúlàní lẹ́bàá ìlú Tápà, bọ́lẹ̀kájà ló sì ń gbé e bọ̀ wálé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló jókòó sí, nítorí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ láti jókòó sẹ́yìn òun. Ọkọ̀ kó sí kòtò, Àkànó fò jáde, ó sì fi ìpàkọ́ gbá ilẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé bí òkú. Kò mọ ẹnikẹ́ni títí di ìrun Alásárì, tí Hàlímọ̀ ń kán omi sí i lẹ́nu, tó ń sunkún. Nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ta ló mú fìlà mi?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì dúpẹ́. A ní Àkànó wa náà ló padà dé yìí.

Nígbà tí ara rẹ̀ mókun díẹ̀, Hàlímọ̀ ro láfún, ó se ìlasa tó kún fún irú. Òórùn ọbẹ̀ náà fo ògiri wá bá mi lọ́dọ̀ mi, mo sì dá itọ́ mì. Àkànó mú òkèlè kan, ó fi sẹ́nu, ó sì dúró.

"Ìyá Ìbejì, kí lo fi se ọbẹ̀ yìí?"

"Ìlasa ni, Bàbá Ìbejì."

"Irú ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀. Ata àti iyọ̀ nìkan ló wà lẹ́nu mi. Ṣé aláìsàn ni wọ́n ní kó máa jẹ ìjẹkújẹ ni?"

Hàlímọ̀ rò pé àìsàn ló ń dà á láàmú, ó bẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó fi kún irú. Kò tán níbẹ̀. Àkànó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná láti ṣọ́ ọ. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí i tí irú bọ́ sínú ìkòkò, ó jẹ ẹ́, kò sì bá irú lẹ́nu. Ẹlòmíràn ì bá bi ẹnu ara rẹ̀ léèrè. Ó ní wọ́n ti pààrọ̀ irú ni. Ó lọ jẹun nílé àbúrò rẹ̀ obìnrin. Bákan náà ni. Ó ní wọ́n ti ránṣẹ́ síra wọn.

Ọ̀rọ̀ náà wá kan ara Hàlímọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ara obìnrin náà kò ní òórùn mọ́, bẹ́ẹ̀ òun mọ òórùn ìyàwó òun láti ọjọ́ tí òun ti gbé e. Ó ní obìnrin tó bá wẹ òórùn ara rẹ̀ nù pátápátá, ibì kan ló ń lọ. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń sọ ọ́, maṣíìnì mi sì dúró.

Láti ibẹ̀ ló ti dé orí èyí tó burú jù. "Nígbà tí mo dákú," ó ní, "kí lo fún mi mu?"

"Omi ni, Bàbá Ìbejì."

"Omi wo?"

"Omi inú àmù wa."

Kò gbà. Ó ní láti ìgbà omi yẹn ni oúnjẹ ti kú lẹ́nu òun. Ó sì gbé òfin kalẹ̀ pé kí òun tó jẹun, Hàlímọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ òkèlè àkọ́kọ́ lójú òun. Àárín àgbàlá ló ti ń ṣe é, níbi tí ojú gbogbo wa tó o. Yóò tẹjú mọ́ ọ̀fun rẹ̀ títí yóò fi gbé e mì, yóò sì ní kó la ẹnu. Obìnrin tó bí ìbejì fún ọkọ rẹ̀ ló ń la ẹnu bí ọmọ tí wọ́n fún lóògùn ẹ̀fọ́rí yìí! Inú bí mi débi pé abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Hàlímọ̀ yóò jẹ ẹ́, yóò la ẹnu, yóò sì wọlé lọ.

Ní ìsọ̀ ẹran pàápàá, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan dé ìdí àtẹ rẹ̀, ó fọwọ́ bo imú.

"Àkànó, ẹran yìí ti ń rùn."

"Ta ló rán ẹ wá?"

"Imú mi ló rán mi."

Àkànó gbé ẹran náà sún mọ́ imú, ó fà á símú, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó wo Dàda tí àtẹ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, ó rí i pé Dàda ń rẹ́rìn-ín, ó sì gbà pé òun ló ń rán wọn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ṣí lọ sọ́dọ̀ Dàda lọ́kọ̀ọ̀kan.

Hàlímọ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ rí dókítà, nítorí orí ṣì ń fọ́ ọ. Ó gbà, ó ní ṣùgbọ́n èmi ni kí n tẹ̀lé òun, nítorí kò fẹ́ kí Hàlímọ̀ àti dókítà rí ara wọn sójú. Bí ẹni tí kò fẹ́ràn mi ṣe sọ mí di ẹlẹ́rìí nìyẹn. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà lójú ọ̀nà Èrúwà nígbà náà, ti Dókítà Gbénró, ọmọdé dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tòkè òkun dé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Dókítà ní ẹni tó bá fi orí gbá ilẹ̀, ó yẹ kí òun yẹ àwọn iṣan tó ń ròyìn fún ọpọlọ wò. Ó tan iná sí ojú Àkànó. Ó fi òwú ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní kó yọ ahọ́n. Gbogbo rẹ̀ ni Àkànó ṣe, tó ń wò ó tìfura-tìfura. Lẹ́yìn náà, dókítà ní, "Ẹ di ojú yín. Nọ́ọ̀sì máa gbé ìgò wá síwájú yín. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ sọ fún mi."

Nọ́ọ̀sì náà, Rebecca lorúkọ rẹ̀, gbé ìgò kékeré kan sábẹ́ imú rẹ̀, ó fa ìdérí rẹ̀ yọ. Ó dún pọ́!

"Mo gbọ́," Àkànó wí.

Ó fa ti èkejì yọ. Pọ́!

"Mo gbọ́. Mo gbọ́ ọ dáadáa."

Láti orí bẹ́ǹṣì ni èmi náà ti gbọ́ òórùn kẹrosíìnì, tí mo sì gbọ́ òórùn kànáfùrù tẹ̀lé e. Dókítà ní imú rẹ̀ pé. Èrò pọ̀ níta, ó kọ oògùn ẹ̀fọ́rí fún un, a sì jáde.

Àkànó kò sọ̀rọ̀ títí a fi fẹ́ẹ̀ délé. Ó wá ní, "Màmá Salome, ẹ gbọ́ bí dókítà ṣe ní imú mi pé?"

"Mo gbọ́."

"Bí imú mi bá pé, ọbẹ̀ ni kò pé."

Kí ni n óò sọ? Dókítà ti sọ tirẹ̀. Mi ò tíì bá ẹni tó ní àṣìṣe lọ́wọ́ tó sì tún ní ẹlẹ́rìí fà á rí, mi ò sì mọ ibi tí ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tó fi lé Hàlímọ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ayétẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo fún gbogbo àdúgbò pé ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Hàlímọ̀ di ẹrù rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kó àwọn ọmọ dání."

"Kí o lè fún àwọn náà ní ohun tí o fún mi?"

Táyé àti Kẹ́hìndé di ìró ìyá wọn mú. Àkànó ló já ọwọ́ wọn. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mo sì ṣépè fún un nínú ikùn mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Òun nìkan ló wá ń dáná fún àwọn ọmọ. Kò gbà kí àbúrò rẹ̀ bá a ṣe é, nítorí ó ti ní òun náà mọ̀ nípa ọ̀tẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó se ẹ̀wà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fẹ́ da òróró sí i. Ìgò dúdú méjì ló wà nídìí ògiri ilé ìdáná, wọ́n jọra bí Táyé àti Kẹ́hìndé. Òróró wà nínú ọ̀kan, kẹrosíìnì àtùpà wà nínú èkejì. Hàlímọ̀ kò fi àmì sí wọn rí, nítorí ta ni kò ní í fi imú mọ kẹrosíìnì?

Èmi wà nídìí maṣíìnì. Òórùn kẹrosíìnì kọlù mí, mo rò pé ẹnìkan ń rọ àtùpà ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹkún ọmọ. Nígbà tí mo wọlé, Táyé ti tu tirẹ̀ dà sílẹ̀, Kẹ́hìndé fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, Àkànó sì dúró lórí wọn.

"Ìyá yín ló kọ́ yín kí ẹ máa kọ oúnjẹ mi! Ẹ wò mí. Èmi tí mo sè é, ṣé ẹ rí i pé mò ń jẹ ẹ́?"

Ó sì ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ó ń kó ẹ̀wà náà mì, epo ń tàn létè rẹ̀. Mo fọ́ àwo náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Màmá Salome! Ẹ̀yin náà? Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀!"

N kò dá a lóhùn. Mo gbé ìgò náà, mo tì í mọ́ ọn nímú. "Kí lèyí?"

"Òróró."

"Fà á símú, Àkànó. Fà á símú dáadáa."

Ó fà á. Ó tún un fà. Ó wo ojú mi bóyá mò ń ṣe ẹ̀tàn, ó wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ bo imú. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀.

Nítorí kẹrosíìnì tó ti gbé mì, ọ̀dọ̀ dókítà la tún sáré lọ. Wọ́n ní kò tó èyí tí yóò pa á, kó ṣáà jókòó kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí mo ròyìn bó ṣe jẹ́, dókítà yíjú sí i.

"Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi pé ẹ gbọ́!"

"Mo kúkú gbọ́," Àkànó dáhùn. "Ìdérí ìgò ń dún pọ́, pọ́. Ṣé etí mi kọ́ lẹ ń dán wò ni?"

Rebecca rẹ́rìn-ín, ó sì bo ẹnu. Nínú èdè wa, "gbọ́" tí etí ń gbọ́ náà ni "gbọ́" tí imú ń gbọ́, ọkùnrin tó rò pé etí òun ni wọ́n ń dán wò sì ti fi etí dáhùn ohun tí wọ́n bi imú. Nítorí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni Hàlímọ̀ ṣe wà ní Ayétẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà bi í léèrè bó ṣe yẹ. Ó ní kó sọ orúkọ ohun tó wà nínú ìgò. Kò lè sọ ọ̀kankan. Wọ́n wá ṣí ìgò kan tó ta mí lójú láti orí bẹ́ǹṣì, Àkànó sì fò sẹ́yìn, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo gbọ́ ìyẹn!"

"Ìyẹn kì í ṣe òórùn," dókítà wí. "Títa ni. Iṣan mìíràn ló ń gbé oró lọ sí ọpọlọ, òun náà ló ń gbé títa ata. Kò sí ohun tó ṣe ìyẹn." Ó fi ìka kan ibi tí imú ti pàdé iwájú orí. "Egungun kan wà níbí tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí ajere. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín gba inú ihò náà kọjá láti imú lọ bá ọpọlọ. Òórùn tí imú bá gbà, àwọn ló ń ròyìn rẹ̀. Nígbà tí ìpàkọ́ yín gbá ilẹ̀, ọpọlọ mì, wọ́n sì já."

"Irú ńkọ́? Ẹnu la fi ń jẹ irú."

"Ahọ́n mọ iyọ̀, ó mọ adùn, ó mọ kíkan àti kíkorò. Kò mọ irú rí, Bàbá Ìbejì. Imú ló ń bá a mọ̀ ọ́n."

Àkànó bi í bóyá wọn yóò tún so pọ̀. Dókítà ní ó ti pẹ́, òun kò lè ṣèlérí. Ẹ má rò pé ó gbà á lójú ẹsẹ̀ o. Lójú ọ̀nà, ó bi mí bóyá dókítà náà ní ìyá ní Ayétẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, mo lọ da omi sẹ́yìnkùlé, mo sì rí i tó lóṣòó sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó ti ra irú tútù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó kó odidi ẹ̀kúnwọ́ kan sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó dúró. Èjìká rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. N kò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì padà wọlé jẹ́jẹ́ kó má baà rí mi.

Èmi náà ló bẹ̀ pé kí n sin òun lọ sí Ayétẹ̀. Bàbá Hàlímọ̀, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Mùkáílà, gbà wá tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀, kò sì fi ojú ìjà hàn. Ó ní kí a jẹun ná. Hàlímọ̀ gbé láfún àti ìlasa síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àkànó kò ní kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ó ń sáré jẹ, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun.

"Ìyá Ìbejì, o ṣeun. Irú inú ọbẹ̀ yìí mà dùn o!"

"Mi ò fi irú sí i," Hàlímọ̀ wí.

Ọwọ́ Àkànó dúró lórí àwo.

"Nígbà tí mo fi í, ẹ ní mi ò fi í. Nígbà tí mi ò fi í, ẹ ní mo fi í. Èwo ni kí n gbà gbọ́, Bàbá Ìbejì?"

Àkànó dọ̀bálẹ̀ níwájú àna rẹ̀, ó fi orí kanlẹ̀, orí tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀ yẹn. Ó ròyìn gbogbo ohun tí dókítà sọ. Hàlímọ̀ gbọ́ ọ títí. Ó ní láti ẹnu dókítà ni ọkọ òun ti gbà á gbọ́, kì í ṣe láti ẹnu òun. Ó ní òun yóò bá a lọ, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé àwọn ọmọ òun ni òun ń tọ̀ lọ.

Ó padà wálé lóòótọ́. Láti ìgbà náà, kí Àkànó tó gbé ẹran lọ sí ìsọ̀, yóò gbé e wá síwájú ìyàwó rẹ̀, yóò ní, "Ìyá Ìbejì, bá mi gbọ́ ọ." Ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e. Àwọn oníbàárà padà dé. Ọkùnrin tó fura sí òwúrọ̀ ni èyí, tó wá ń fi imú ẹlòmíràn rìn láìbéèrè.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà dé, nígbà tó gbé oúnjẹ sílẹ̀ ní àgbàlá, Hàlímọ̀ fọ ọwọ́, ó gé òkèlè àkọ́kọ́, ó gbé e mì, ó sì la ẹnu fún ọkọ rẹ̀ láti wò.

"Ìyá Ìbejì, mi ò ní kí o ṣe é mọ́."

"Mo mọ̀," ó wí.

Ó ṣe é lọ́jọ́ kejì. Ó ṣe é nínú òjò, ó ṣe é nínú ọyẹ́. Àkànó bẹ̀ ẹ́, ó rán mi sí i, ó rán Lèmọ́mù sí i. Hàlímọ̀ ní kò sí ìjà, òun kàn fẹ́ kó dá a lójú ni. Táyé àti Kẹ́hìndé dàgbà wọ ilé ìwé gíga, maṣíìnì mi gbó, mo ra òmíràn, síbẹ̀ n kò rí ìrọ̀lẹ́ kan tó yẹ̀ ẹ́. Àkànó tó máa ń tẹjú mọ́ ọ̀fun rẹ̀ nígbà kan, ilẹ̀ ló ń wò báyìí. Àwọn ará ilé ní ìfẹ́ ni. Èmi tí mò ń wò wọ́n láti orí ògiri, n kò gbà.

Nígbà tí mo wò wọ́n kẹ́yìn, kí n tó kó kúrò ní àdúgbò náà, irun orí àwọn méjèèjì ti ń funfun. Hàlímọ̀ gé òkèlè náà, ó tọ ọ́ bọ ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ó la ẹnu, ó dúró títí Àkànó fi gbójú sókè tó sì wò ó. Ó wá pa ẹnu rẹ̀ dé, ó ti àwo sún mọ́ ọn, ó sì ní, "Ẹ máa jẹun, Bàbá Ìbejì."